Búrẹ́dì Elése Àlùkò Ilé Bàbá Jọlá

Bí ẹ bá dé Bódìjà lọ́dún 1996, tí ẹ béèrè ilé Mánsúrù Ẹnìtàn, wọn á ní àwọn ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ilé Bàbá Jọlá tó ń jẹ búrẹ́dì: ewúrẹ́ gan-an á sìn yín débẹ̀. Èérún tó ń jábọ́ lára ọkùnrin yìí ni àwọn ewúrẹ́ àdúgbò wa fi sanra.

Ọmọ Ìgbòho ni. Ó ṣe ọ̀gá sítọ́ọ̀ nílé iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n búrẹ́dì jíjẹ ni iṣẹ́ tí wọ́n bí mọ́ ọn. Àárọ̀, búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Ọ̀sán, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Alẹ́, á jẹ iyán tán, á wá fi búrẹ́dì nu àwo ọbẹ̀, ó ní kí ikùn òun lè mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Èmi tí mò ń kọ èyí kò wọ ilé ìwé rí àfi ọjọ́ tí òjò lé mi wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, síbẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì ń wá bá mi fún àlàyé. Mo ti ṣírò ó. Búrẹ́dì tí Mánsúrù ti jẹ láyé, bí a bá tò ó láti Ìwó Róòdù, á dé Ìgbòho, ìyókù á sì tó ẹni tó tò ó jẹ bọ̀ wálé.

Nígbà tó yá, òùngbẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́ bí ẹni tó lá iyọ̀ mọ́jú, èèrà sì ń tò lọ síbi tó bá ti tọ̀. Àtọ̀gbẹ ni. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ kékeré kan tí n kò rò pé ó tíì fá irùngbọ̀n rí, kò fi bò fún un.

“Bàbá, bí ẹ ò bá fi búrẹ́dì sílẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi sílẹ̀.”

“Ẹsẹ̀ wo?” ni Bàbá Jọlá béèrè. “Ọ̀tún ni àbí òsì?”

Ìyàwó rẹ̀ ló fà á jáde kó tó yan ọ̀kan.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ̀fọ̀. Bí ọkọ̀ oníbúrẹ́dì bá ń kọjá, á dìde, á ṣí fìlà, á mí kanlẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe ìyàwó rẹ̀, Jẹ́jẹ́lọlá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Jọlá, tó ń ta ẹ̀wà lọ́jà Bódìjà. Ó ránṣẹ́ sí Jọlá ọmọ wọn, nọ́ọ̀sì ni ní Lọ́ńdọ̀nù. Jọlá fi agolo kan ránṣẹ́ pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì tó gba ohùn ara rẹ̀ sí. Nínú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó kí gbogbo ilé, ó kí èmi náà bó ṣe yẹ kí wọ́n kí mi, ó wá sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe búrẹ́dì tí alátọ̀gbẹ lè jẹ: ìyẹ̀fun sóyà, ẹyin, omi, àti ohun tó wà nínú agolo. Kò sí fúláwà, kò sí ṣúgà.

Èèpo irúgbìn kan ló wà nínú agolo náà, ó fúyẹ́ bí ìyàngbò. Òyìnbó máa ń pò ó mu bí ìgbẹ́ bá há wọn. Bí omi bá ti kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, á fà bí ilá, á wá dì mọ́ra gbagidi. Ohun tó ń ṣe bíi fúláwà nínú búrẹ́dì ọ̀hún nìyẹn.

Ìyá Jọlá pò ó, ó wò ó, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó wúwo. Ẹni tó ti ń ta ẹ̀wà láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kò lè jẹ́ kí sóyà yan òun jẹ. Ó bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé sóyà kò kúkú ju ẹ̀wà lọ, ẹ̀wà tó bá sì ya olórí kunkun, káún ni oògùn rẹ̀. Ohun tó bá ń fà bí ilá ńkọ́? Káún náà ni. Ó bu káún sí i. Jọlá ò dárúkọ káún nínú kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ta ni Jọlá tí yóò kọ́ ìyá rẹ̀ ní káún?

Ó gbé e sínú ààrò abẹ́ kúkà gáàsì rẹ̀. Nígbà tó jáde, ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n bí ti búrẹ́dì gidi, òórùn rẹ̀ sì gba àdúgbò. Mo gbọ́ òórùn náà nílé mi ní òdìkejì títì. Àwọn ará Agbowó náà gbọ́ ọ. Bàbá Jọlá fúnra rẹ̀ mú ọ̀bẹ. Ó ṣe bísímílà, ó là á.

Inú rẹ̀ jẹ́ elése àlùkò. Ó rí gẹ́lẹ́ bí oògùn tí wọ́n ń kùn sójú egbò ní ọsibítù.

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Jẹ́jẹ́lọlá, kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Kí lẹ rí, Bàbá Jọlá?”

“Ikú ni mo rí. Èmi àti òun rí ara wa lójúkojú.”

Kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó wọ takisí lọ sí Òjòó, ó lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Àmúdàtù, tó ń ta epo pupa ní gáréèjì. Wọ́n ránṣẹ́ pe èmi náà, nítorí kò sí ẹjọ́ tí wọ́n ń dá ní Bódìjà láìsí mi níbẹ̀.

Àmúdàtù wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. “Níbo ló wà?” A rò pé ìyàwó ló ń béèrè; búrẹ́dì ló ń béèrè. Wọ́n fi hàn án. Ó fi ìka kàn án, ó fa ọwọ́ padà bí ẹni tó kan iná.

“Ìyàwó, ṣé aró lo fi pò ó ni?”

“Sóyà ni, Ìyá mi. Sóyà àti ẹyin, àti èèpo tí Jọlá fi ránṣẹ́.”

“Hẹ̀n! Jọlá náà mọ̀ sí i!”

Mo wúkọ́, mo béèrè lọ́wọ́ Ìyá Jọlá bóyá ó fi káún sí i. Ó ní òun fi díẹ̀ sí i. Mo ní ó ti yé mi: aró kan ń sùn nínú èèpo yẹn, káún ló jí i. Mo ní kó rọra fi omi ògì kíkan pò ó nígbà mìíràn, aró náà kò ní jí.

“Bàbá Àyàndìran,” ni Àmúdàtù dá mi lóhùn, “ẹ má fi ìwé bò wá lójú. Ẹ jẹ ẹ́ ká rí i.”

Mo sọ fún un pé adájọ́ kì í jẹ ohun ẹjọ́.

Ìyá Jọlá kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Èyí tí ẹ ti ń jẹ láti ọjọ́ yìí wá, ẹ mọ ẹni tó pò ó? Èyí tí ẹ bá okùn àpò nínú rẹ̀ lọ́jọ́sí ńkọ́? Ẹ fà á yọ, ẹ jẹ ìyókù. Ẹ ò pe ìpàdé ẹbí.”

Bàbá Jọlá wo ilẹ̀. “Okùn àpò ò ṣáà ní àwọ̀,” ló sọ.

“Ọ̀rọ̀ ò pọ̀,” ni Àmúdàtù wí. “Ẹni tó bá se oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Jẹ ẹ́, ìyàwó. Bí o ò bá jẹ ẹ́, kí o di ẹrù rẹ kí n tó padà sí Òjòó lónìí.”

Ìyá Jọlá fa àga, ó jókòó, ó gé ẹyọ kan, ó fi bọ́tà pa á, ó jẹ ẹ́. Àmúdàtù tẹjú mọ́ ẹyinjú rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ìkòkò epo lórí iná. Kò sí nǹkan kan.

“Májèlé mìíràn máa ń pẹ́ kó tó jà,” ni Àmúdàtù wí. “Tún jẹ.”

Ó tún jẹ. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tí ọkọ rẹ̀ rò pé òun nìkan ló mọ̀, ó mú sadíìnì jáde, ó tú u lé e lórí. Òórùn gbòde. Mo rí ọ̀nà ọ̀fun Mánsúrù tó ń lọ sókè sódò.

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ló sọ jẹ́jẹ́, “mo rò pé ó ti tó.”

“Pa ẹnu dé! Ẹ̀mí rẹ ni mò ń dá dúró. Tún jẹ, ìyàwó.”

Ìyàwó tún jẹ, ó ń fi omi lé e. Búrẹ́dì ńlá ti ń di kèrémí. Nígbà tó ku ẹyọ kan ṣoṣo, Bàbá Jọlá na ọwọ́. Àmúdàtù gbá ọwọ́ náà. Ó tún nà án, ó tún gbá a.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́!” Omijé ti ń bọ́ lójú àgbàlagbà. “Ẹ jẹ́ kí n kú!”

Èmi àti Àmúdàtù ò lè wo ara wa nítorí ẹ̀rín. Ìyá Jọlá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

“Ta ni mo fẹ́ pa, Bàbá Jọlá?”

“O ò fẹ́ pa ẹnì kankan.”

“Ẹ sọ ọ́ kí Ìyá mi gbọ́.”

“Ẹ̀gbọ́n mi, kò fẹ́ pa mí. Ojú mi ló ṣì í. Orí mi ni kò pé.”

“Ẹ ṣeun,” ni Ìyá Jọlá wí. Ó wá mú ẹyọ tó kù, ó fi bọ́tà pa á dáadáa, ó jẹ ẹ́ tán lójú gbogbo wa.

Àmúdàtù ní òun ò fẹ́ kí gáréèjì tú kí òun tó dé, ó sáré wọ takisí. Nígbà tí mo dìde, Mánsúrù ti ń fi ìka tútù ṣa èérún lórí tábìlì.

Oṣù kan kọjá kí Ìyá Jọlá tó tún pò ó. Mo yà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí inú búrẹ́dì: elése àlùkò tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní, “Ìyá Jọlá, ṣebí mo sọ fún yín pé káún ni?”

“Mo gbọ́, Bàbá. Ìdí tí mo fi fi sí i nìyẹn. Ẹni tó ní n ò fẹ́ pa òun, kó jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.”

Ó gé ẹyọ kan, ó gbé e síwájú ọkọ rẹ̀. Mánsúrù di ojú, ó jẹ ẹ́.