Ìkòkò Tí Mo Bá Màmá Mi Fọ̀

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mò ń tẹ̀lé màmá mi káàkiri abúlé wa lọ́nà Kuta, obìnrin kan wà nínú agbo ilé wa tí mo kórìíra títí dòní. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo ti ń lo ọ̀pá báyìí, ìkórìíra náà kò sì dín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ìyẹn ìyálé màmá mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ rẹ̀ wà láàyè, wọn kò sì ṣẹ̀ mí.

Òun nìkan ló ní ohun èlò tí wọ́n fi ń pọn ọtí lábúlé wa. Ẹni tó bá fẹ́ pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ti máa yá ìkòkò àti ajere tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ. Òun ló ni igbá àkọ́kọ́ tí ẹ bá bù, á sì tún bú yín mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ náà sú màmá mi, ó ní òun á ṣe tòun nílé.

Garawa kẹrosíìnì kan tó ti jò, tí oníṣòwò kan jù nù ní Ìwó, ló gbé wálé. Ó ti ìṣó bọ iná títí ó fi pọ́n, ó fi dá ihò wẹ́wẹ́ sí ìdí garawa náà, ajere dé nìyẹn. Ó fi imọ̀ ọ̀pẹ hun àtẹ tí yóò máa sá àgbàdo tó bá hù sí. Ìkòkò ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ ti sán, tí wọ́n ti sọ sí ààtàn, ó fi ìda oyin dí i. Ìṣó nìkan ló rà. Lẹ́yìn náà ló bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu sínú ìkòkò náà, ó jẹ́ kó gbẹ mọ́ ọn nídìí, torí òun ló ń mú ọtí hó. Omi lásán ló fi ń ṣan ìkòkò yẹn, kì í jẹ́ kí ọṣẹ kàn án. Èmi ọmọbìnrin rẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Nígbà tó yá, ọwọ́ màmá mi làwọn èèyàn ti ń yá ìkòkò, kò sì gba igbá kankan lọ́wọ́ wọn. Láti ìgbà náà, bó bá kúnlẹ̀ kí ìyálé rẹ̀, ìyẹn á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Lọ́dún yẹn ni àdá ṣá bàbá mi lẹ́sẹ̀, tí kò lè kọ ebè. Màmá mi bẹ ọ̀wẹ̀: àwọn ọkùnrin abúlé á wá bá wa kọ ebè lọ́jọ́ kan, àwa á sì fún wọn ní oúnjẹ àti ọtí. Bí kò bá sí ọtí, wọn kì í pẹ́ lóko. Inú ebè yẹn la ó gbin iṣu tá a máa jẹ sí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin, màmá mi wà lódò, ni ìyálé pè mí. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ohun tí kì í ṣe. Ó fi ọṣẹ dúdú lé mi lọ́wọ́.

“Ìkòkò ìyá rẹ ń rùn,” ó ní. “Bá a fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa. Má sọ fún un o, jẹ́ kó fúnra rẹ̀ rí i, inú rẹ̀ á dùn.”

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo fi kànrìnkànrìn ha ìdí ìkòkò náà títí ó fi ń dán.

Lọ́jọ́ kejì, màmá mi da ọtí sínú rẹ̀ láìyẹ inú rẹ̀ wò. Nígbà tó ku ọ̀la kí àwọn ọlọ́wẹ̀ dé, tó ṣí i, kò hó rárá. Omi àgbàdo dídùn lásán ni, òórùn ọṣẹ ló sì ń jáde. Ó wo ojú mi. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Kò nà mí. Ó lọ bá ìyálé rẹ̀ níwájú ilé.

“Ìyálé mi, ẹ̀yin lẹ ní kí ọmọ mi fi ọṣẹ fọ ìkòkò mi?”

“Ṣé mo ṣe burúkú ni? Ìmọ́tótó tó ò kọ́ ọmọ rẹ ni mo kọ́ ọ.” Àwọn tó jókòó rẹ́rìn-ín. “Bó o bá ń wá ọtí fún ọ̀la, mo ti pọn tèmi kalẹ̀. Kúnlẹ̀, kó o bẹ̀ mí.”

“Omi ni wọ́n máa mu,” ni màmá mi wí.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, omi náà ni àwọn ọkùnrin mu. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n ti gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, wọ́n lọ mu ọtí níwájú ilé ìyálé. Ìdajì ilẹ̀ wa di koríko lọ́dún náà, iṣu wa tètè tán, láfún la wá ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Inú máa ń bí mi sí màmá mi náà, pé kí ló dé tí kò kúnlẹ̀.

Ayé ti yí padà. Ní Ìwó tí mò ń gbé báyìí, ike onídèérí àti ìwúkàrà inú ọ̀rá làwọn ọ̀dọ́ ń rà, wọ́n sì ní ọṣẹ ni kéèyàn kọ́kọ́ fi fọ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń bẹ ọ̀wẹ̀ mọ́, lébìrà ni wọ́n ń gbà. Ẹni tó bá kórìíra yín á bú yín lórí fóònù, gbogbo ayé á sì mọ̀ pé òun ni. Ìyẹn dáa ju tiwa lọ. Ọwọ́ tèmi ni obìnrin yẹn lò. Nígbà tó kú, wọ́n ní kí n dárí jì í, mo kọ̀. Màmá mi kò bá mi wí rí lórí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn títí ó fi kú, ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ bá a fọ ìkòkò, á rọra gbà á lọ́wọ́ mi.