Sàlàkọ́ Tó Ń Sẹ́ Omi fún Koríko

Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò wa ní Ìwó, wọn á sọ pé ọ̀tá ló fi oògùn pa koríko Àlájì Oyèlẹ́yẹ nínú ọyẹ́ ọdún 1956. Irọ́ ni. Àwọn mìíràn á ní Sàlàkọ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ ya ọ̀lẹ, kò bomi rin ín. Ìyẹn tún burú ju irọ́ lọ, nítorí kò sí koríko tó mu omi tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ìlú. Ilé mi ló kángun sí ti Àlájì, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ń ṣe, n kò sì fẹ́ràn kí wọ́n máa lọ́ ọ̀rọ̀. Bó ti rí gan-an nìyí.

Oníṣòwò kòkó ni Àlájì. Ó rí i nílé àwọn òyìnbó ní Ìbàdàn bí koríko ti ń tutù minimini níwájú ilé, ó sì fẹ́ irú rẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ tó ń fa omi láti odò, ó gbé táǹkì ka orí òpó, ó tẹ́ páìpù oníhò wẹ́wẹ́ sínú koríko. Bí wọ́n bá ṣí omi, á máa fọ́n bí òjò winniwinni, àwọn èèyàn á sì dúró lójú ọ̀nà máa wò ó. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ẹrẹ̀ odò fi dí gbogbo ihò páìpù. Sàlàkọ́ ló bá a wá nǹkan ṣe sí i.

Ọmọ àgbẹ̀ ni Sàlàkọ́, láti abúlé kan lọ́nà Kuta. Nígbà tó fẹ́ fi oko sílẹ̀ wá sí ìlú, àwọn àgbà ilé wọn kìlọ̀ fún un pé ẹni tó bá ń ro ilẹ̀ ló ni ín. Ó fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún Mùrí àbúrò rẹ̀, ó sì wá. Iṣẹ́ Àlájì àti yàrá kan lẹ́yìn ilé Àlájì, níbi tí òun àti Sàrátù ìyàwó rẹ̀ ń gbé, nìkan ló ní láyé.

Aláró ni Àṣàbí, ìyá Sàrátù. Àwọn aláró a máa gbé ìkòkò tó lu nídìí ka orí òmíràn, wọ́n á kó eérú sí ti òkè, wọ́n á da omi lé e lórí. Omi eérú tó bá kán sí ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi ń po aró. Ibẹ̀ ni Sàlàkọ́ ti rí ọgbọ́n. Ó gbé irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ sí ẹnu táǹkì, ó kó òkúta wẹẹrẹ sí i nídìí, ó kó iyanrìn lé e, ó fi èédú gígún bò ó. Omi ẹ̀rọ á bọ́ sínú ìkòkò, á sì kán sínú táǹkì ní mímọ́. Ní gbogbo Sátidé ni yóò tú u palẹ̀, tí yóò fọ iyanrìn náà, tí yóò sì pààrọ̀ èédú. N kò rí i kó pa Sátidé kan jẹ rí.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, odò fà, omi pọ́n bí èyí tí wọ́n fi fọ amọ̀. Èédú kò ká a mọ́. Àkókò yẹn gan-an ni àwọn òyìnbó tó ń bá Àlájì ra kòkó ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i.

Àlájì dúró lójú fèrèsé. “Sàlàkọ́, bí koríko yìí bá rọ lójú àwọn àlejò mi, kí o di ẹrù rẹ o.”

“Kò ní rọ, Bàbá.”

“Ìwọ tí o sá fún ọkọ́ ni kí n gbà gbọ́?”

“Ọkọ́ ni mo sá fún, Bàbá, n kò sá fún ewé.”

Àlájì rẹ́rìn-ín, ó ti fèrèsé.

Lẹ́yìn ilé Àṣàbí, òkìtì eérú wà níbẹ̀ tí wọ́n ti sẹ́ omi rẹ̀. Sàlàkọ́ rò pé ohun tó wà nínú eérú bẹ́ẹ̀ ti tán, àti pé bó ṣe kúnná tó, yóò mú ẹrẹ̀ ju èédú lọ. Àṣàbí wà ní Olúpọ̀nnà, ó lọ ta aṣọ. Sàlàkọ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí àwọn dúró dè é.

“Èyí tí Ìyá ti dànù?” ni Sàrátù wí. “Ta ló ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ààtàn?”

Sàlàkọ́ kó o. Omi sì mọ́ gaara débi pé Àlájì bu ú sínú ife, ó ń fi han àwọn aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ṣóńṣó koríko bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Sàlàkọ́ fi kún omi. Ó tún pọ́n sí i. Ó ń kó eérú mìíràn sínú asẹ́ ní òòjọ́, kí omi lè mọ́ sí i. Aápọn yẹn gan-an ló pa koríko.

Mo bá a níbi tó ti kúnlẹ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa koríko lára bí ẹni ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná.

“Tíṣà, mò ń fún un lómi, ó ń kú. Ọyẹ́ yìí le.”

Mo ní, “Kì í ṣe ọyẹ́. Wo ìdí ògiri, níbi tí páìpù kò dé. Ó tutù ju èyí lọ.”

Ó wò ó. Ó jókòó sílẹ̀.

Lọ́jọ́ náà ni Àṣàbí ti Olúpọ̀nnà dé. Ó ki ìka bọ omi táǹkì, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́ dànù.

“Ta ló po aró fún Àlájì?”

Sàlàkọ́ dọ̀bálẹ̀. “Ìyá, eérú ààtàn yín ni.”

“Ààtàn ta ni? Èyí tí mo tún ń padà sẹ́ bí eérú bá wọ́n! Ata rẹ̀ tó ń jó ewé bí iná ṣì kún inú rẹ̀. Ọkọ Sàrátù, ṣé ẹnu mi ń jẹni ni, tí o kò fi lè dúró bi mí?”

Sàlàkọ́ tú ìkòkò dà, ó fọ táǹkì, ó fi omi lásán ṣan koríko títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn àlejò dé lọ́jọ́ kejì, wọ́n rìn kọjá lórí koríko gbígbẹ náà. Ó ń dún lábẹ́ bàtà wọn.

Àlájì kò pariwo. “Wọ́n bi mí bóyá iná ló jó o.”

“Bàbá, gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì kú. Bí òjò bá rọ̀—”

“Òjò? Kí ni mo wá ra ẹ̀rọ fún?”

Ó ní kí wọ́n hú àwọn páìpù, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ náà. Ó ní kí Sàlàkọ́ kó jáde. Sàrátù padà sílé ìyá rẹ̀, Sàlàkọ́ sì gba ọ̀nà abúlé lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó bá níbẹ̀ fún mi.

Mùrí dọ̀bálẹ̀ kí i, ó fún un lómi, ó fún un níṣu sísun. Sàlàkọ́ wá béèrè ibi tí òun lè dá oko sí. Àbúrò rẹ̀ wojú ilẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n máa ro ó. Kòkó ti dúró lórí gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi ṣiṣẹ́, n ó máa fún yín ní ohun tí mò ń fún àwọn alágbàṣe. N kò ní rẹ́ yín jẹ.”

Kò fi ẹ̀gàn kankan sọ ọ́. Sàlàkọ́ ní ìyẹn ló dun òun jù.

Wọ́n ń sọ pé ó ti lọ sí Èkó. Kò lọ sí Èkó. Mo rí i ní Ilé-Ogbó nínú oṣù tó kọjá, ó ń ro oko olóko lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ti gbẹ. Mo ní kó jẹ́ ká jọ padà sílé.

Ó ní, “Tíṣà, ilé wo?”

Ẹni tó gbà á síṣẹ́ pariwo mọ́ ọn láti ọ̀ọ́kán, Sàlàkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọkọ́ rẹ̀.