Ọjọ́ Tí Mo Fi Adé Lé Ẹni Tí Ó Pàdánù Lórí

Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún ni mí nígbà tí mo di olùkọ́ kékeré ní ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ̀n kan ní Ìwó, láyé ìgbà tí ìjọba òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fìdí múlẹ̀ láàárín wa. Olùkọ́ kékeré ni a ń pe ẹni tí kò tíì yege ìdánwò olùkọ́. Láàárọ̀, màá kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé. Lọ́sàn-án, èmi náà yóò jókòó gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí kì í pariwo, ṣùgbọ́n tí kì í gbójú fo àṣìṣe kankan.

Ọ̀gá ní òfin kan fún mi. Ó ní, “Ohunkóhun tí o bá kà lédè òyìnbó, kí o lè sọ ọ́ ní Yorùbá fún ẹni tí kò mọ̀wé. Bí kò bá yé e, a jẹ́ pé kò tíì yé ìwọ náà.”

Ní ọdún náà, wọ́n gbé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan kúrò ní àgbègbè wa, ó sì fi àpótí ìwé kan ta ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rẹ. Ìwé òfin ló pọ̀ jù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé, ìtàn àwọn tí ń fi eré gọ́ọ̀fù jẹun nílùú òyìnbó. Mo ṣí i láàárín, n kò sì lè gbé e kalẹ̀ mọ́.

Gọ́ọ̀fù ni eré tí a ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan gba orí pápá tó ní iyanrìn àti igbó lọ, títí yóò fi bọ́ sínú ihò. Àwọn ọlọ́lá ló ń fi ṣe fàájì. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ wà lẹ́yìn wọn, àwọn tí ń gbẹ́ ọ̀pá, tí ń rán awọ bọ́ọ̀lù tí wọ́n sì ń ki ìyẹ́ adìẹ sínú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí mọ eré náà ju àwọn ọ̀gá wọn lọ. Àwọn ọlọ́lá kò jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ wọ inú ilé tí wọ́n ti ń jẹun, bẹ́ẹ̀ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ló ń tẹ̀lé wọn kiri pápá. Nígbà tí méjì nínú wọn bá pàdé, gbogbo ìlú wọn á pín sí méjì.

Gẹ́gẹ́ bí òfin ọ̀gá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Àwọn méjì ló kọ́kọ́ wá. Ọ̀kan ni Bàbá Àkànbí, gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ wa. Èkejì ni Bàbá Ògúntóyè, alágbẹ̀dẹ, tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n tí kò lè jẹ́ kí Àkànbí gbọ́ ohun tí òun kò gbọ́. Ẹgbẹ́ ni wọ́n láti kékeré.

Orúkọ àwọn òyìnbó inú ìwé kò rọrùn lẹ́nu, nítorí náà a sọ wọ́n lórúkọ tiwa. Àgbà inú wọn di Onírùngbọ̀n. Ọ̀dọ́ tí ń bá a figagbága di Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́.

“Ta ló gbẹ́ ọ̀pá tí Onírùngbọ̀n mú dání yẹn?” Bàbá Àkànbí bèèrè.

“Òun fúnra rẹ̀ ni, Bàbá.”

“Èèyàn mi nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi pín in.”

Bàbá Ògúntóyè yínmú. “Igi lásán. Tísà, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ńkọ́?”

“Irin ló wà lórí ọ̀pá tí òun fẹ́ràn jù, Bàbá.”

“Ó tán. Ẹ lọ sọ fún Onírùngbọ̀n kó máa palẹ̀ mọ́.”

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, àwọn olùgbọ́ sì pín sí ẹgbẹ́ méjì: ti Onírùngbọ̀n lẹ́yìn Bàbá Àkànbí, ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lẹ́yìn Bàbá Ògúntóyè. Àwọn àgbẹ̀ ń tètè bọ̀ láti oko ọ̀nà Kuta. Ẹ wo bí inú mi ti ń dùn! Èmi tí àwọn àgbà kì í kí tẹ́lẹ̀ bí kò ṣe pé mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀, èmi ni wọ́n ń pè lójú ọ̀nà báyìí pé, “Tísà, bọ́ọ̀lù yẹn ti jáde nínú iyanrìn àbí kò tíì jáde?”

Nǹkan kan ń da ọ̀gá láàmú ní gbogbo àkókò yìí. Òrùlé ilé-ẹ̀kọ́ ti jẹrà. Ní ọdún tó kọjá, òjò lé àwọn ọmọ sílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àwọn mìíràn kò sì padà wá mọ́. Ó ti bẹ àwọn ará ìlú títí pé kí wọ́n bá wa pa bẹẹrẹ, koríko tí a fi ń bo ilé, ṣùgbọ́n ọ̀la ni gbogbo wọn ń dá. Òjò sì ti ń ṣú.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo fẹ́ ka ìfigagbága ńlá àwọn méjèèjì, Bàbá Àkànbí dìde. Ó ní, “Ẹgbẹ́ tí èèyàn rẹ̀ bá pàdánù, kó lọ pa àádọ́ta ẹrù bẹẹrẹ fún ilé-ẹ̀kọ́.”

“Mo gbà,” ni Bàbá Ògúntóyè wí.

“Mo gbọ́ o,” ni ọ̀gá wí láti inú kíláàsì, kíákíá.

Mo ka ìwé lọ́jọ́ náà tí òógùn bò mí. Mo dìde, mo fi rúlà gbá afẹ́fẹ́. Nínú ìwé, ẹ̀fúùfù òkun ń fẹ́ lórí pápá, bọ́ọ̀lù Onírùngbọ̀n wọ igbó ẹlẹ́gùn-ún, ẹgbẹ́ Bàbá Àkànbí sì di orí mú. Orí ìwé náà parí sí iye ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbá bọ́ọ̀lù: ti Onírùngbọ̀n jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́rin; ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ jẹ́ ọgọ́rin.

“Ta ló jẹ, Tísà?”

“Onírùngbọ̀n ni.” N kò tilẹ̀ ronú kí n tó dáhùn. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kó ọmọ ayò jù ló jẹ. Ẹni tó bá kọ ebè jù là ń yìn. Kò wá sọ́kàn mi, kò sì wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni níbẹ̀, pé eré kan wà tí ìdínkù ti ń borí.

Bàbá Àkànbí jó yí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká. “Ògúntóyè, ṣé o ní dòjé, àbí kí n yá ọ ní tèmi?”

“Èmi tí mo rọ ọ́ fún ọ,” ni alágbẹ̀dẹ dáhùn, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sílé.

Nígbà tí ó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ogójì ẹrù bẹẹrẹ ti wà lórí pápá wa. Lọ́jọ́ náà ni mo jókòó láti múra ìtàn tó kàn sílẹ̀, mo sì rí i pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n dá lọ́lá. Mo padà sí orí kìn-ín-ní tí mo ti fò nítorí pé kò dùn. Ó wà níbẹ̀ gbangba: ẹni tí ó bá gbá bọ́ọ̀lù ní iye ìgbà tí ó kéré jù ni ó borí.

Mo gbé ìwé náà tọ ọ̀gá lọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì wo òkìtì bẹẹrẹ gba ojú fèrèsé.

“Bí mo bá sọ ọ́, Sà, wọ́n á kó bẹẹrẹ wọn lọ. Kò sì sẹ́ni tí yóò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́.”

“Ó lè rí bẹ́ẹ̀,” ó wí. “N kò ní ní kí o sọ ọ́, n kò sì ní ní kí o má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, ìwọ ni yóò dúró níwájú àwọn ọmọ, tí wàá sì ní kí wọ́n tún iṣẹ́ wọn yẹ̀ wò.”

Ní Àbámẹ́ta, mo dọ̀bálẹ̀ kí n tó ṣí ìwé. Mo sọ gbogbo rẹ̀.

“Ẹni tó gbá a kéré ló jẹ?” Bàbá Ògúntóyè bèèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú.”

Ọ̀kan nínú àwọn èèyàn rẹ̀ ti dìde. “Ẹ jẹ́ ká lọ kó bẹẹrẹ wa.”

Bàbá Àkànbí náà ti gbé ohùn sókè. “Irú eré wo nìyẹn? Tísà ti dájọ́, ó ti dájọ́ náà nìyẹn.”

“Dákẹ́ ná, Àkànbí,” ni alágbẹ̀dẹ wí. “Bí mo bá lu irin nígbà mẹ́wàá tó di ọkọ́, tí ẹlòmíràn lù ú nígbà ogún kó tó di irú ọkọ́ kan náà, ta ni ọ̀gá nínú wa?”

Bàbá Àkànbí yíjú sí ìta.

“Ìwọ tí ò ń fọ́nnu pé o kì í sán igi lẹ́ẹ̀mejì níbi tí ẹ̀ẹ̀kan bá ti tó. Dáhùn.”

Gbẹ́nàgbẹ́nà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, “Ẹni tí igi bá ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ni.” Ó mí kanlẹ̀. “Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló jẹ.”

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Ògúntóyè na ọwọ́ sí èèyàn rẹ̀ tó ti dìde pé kó jókòó. “A kì í kó ẹrù jáde nílé àwọn ọmọdé. Ṣùgbọ́n àádọ́ta tí Àkànbí jẹ wá ṣì wà nígbó. Tísà ló ṣìnà, kí Tísà ṣíwájú wọn lọ.”

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi bá àwọn èèyàn Bàbá Àkànbí pa bẹẹrẹ lẹ́yìn iṣẹ́. Koríko náà ya mí lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí n kò fi lè di ẹfun ìkọ̀wé mú dáadáa. A bo ilé-ẹ̀kọ́, ó ṣẹ́kù, a sì fi bo ilé ọ̀gá.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ dé nígbà tí mo ń kọ́ni ní ìṣirò lọ́wọ́. Gbogbo àwọn ọmọ gbójú sókè, wọ́n ń dúró. Ẹ̀kán omi kan kò jò wọlé. Wọ́n gbójú padà sórí síléètì wọn, a sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, pàápàá ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ láti sọ̀rọ̀ kí àwọn ẹlòmíràn gbà á gbọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Ìṣìnà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣìnà níwájú àwọn ènìyàn, ẹ padà síwájú àwọn ènìyàn náà gan-an, kí ẹ fi ohùn kan náà tí ẹ fi ṣìnà tún un ṣe.