Iná Sikánà Àtijọ́

Ọdún mẹ́rìnlá ni Bàbá Sikánà ti lò nínú yàrá tí wọ́n ti ń ya máàpù ilẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Òun nìkan ni ọ̀gá máa ń pè, títí wọ́n fi ra ẹ̀rọ tuntun, tí wọ́n sì gba ọmọbìnrin kan tí yóò máa lò ó, èyí tí bàbá sọ ní Àǹtí Kíákíá. Láti ìgbà náà, bí ọmọ yẹn bá rẹ́rìn-ín, ṣe ló ń dun bàbá bí egbò tí wọ́n fi iyọ̀ sí.

Ẹ̀rọ tuntun yá bí àṣá, ṣùgbọ́n bébà gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ gíláàsì rẹ̀ kó tó ríran; ibi tó bá ti wú sókè, ojú ṣú nìyẹn. Ojú kámẹ́rà ló wà nínú ti àtijọ́ tí bàbá ń lò, ó ń rí ọ̀ọ́kán, bí bébà tilẹ̀ wú sókè. Àmọ́ iná rẹ̀ ní láti gbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọ̀ tó jáde dáadáa.

Ọ̀gá ní ọ̀kan nínú ẹ̀rọ méjèèjì ni yóò kù níbẹ̀, ẹni tó ń lo ìkejì yóò lọ máa to fáìlì. Ó wá tẹ́ máàpù kan sórí tábìlì láti fi dán wọn wò, èyí tí wọ́n ti ká lákàtúnká, tí wọ́n fi yíǹkì pupa fa ààlà sí.

Inú Bàbá Sikánà dùn. Máàpù kíká, oúnjẹ ẹ̀rọ òun nìyẹn.

"Àǹtí Kíákíá, ẹ kọ́kọ́ ṣe tiyín ná."

"Ẹ ṣé, sà. Àgbà ló sọ̀rọ̀."

Kò pẹ́ tí àwòrán fi hàn. "Èyí mà yá o," ni ọ̀gá wí.

Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ta Bàbá Sikánà bí agbọ́n. Kò tilẹ̀ wo ibi tí àwòrán náà ti ṣú. Ó tan ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ti máàpù bọ̀ ọ́ lẹ́nu lójú ẹsẹ̀.

Gbogbo ibi kíká hàn kedere bí ìlà àtẹ́lẹwọ́. Ṣùgbọ́n ààlà pupa ti ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa.

"Ààlà dà?" ni ọ̀gá bèèrè.

 Ọmọbìnrin náà ló dáhùn.

"Iná ẹ̀ ni ò tíì gbóná, sà. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀. Tèmi gan-an ò rí ibi tó ká yìí. Ẹ wò ó, orúkọ odò ti ṣú pátá."

Wọ́n dúró, wọ́n tún un yà, pupa sì jáde bí ẹ̀jẹ̀. Ọ̀gá ní kí ẹ̀rọ méjèèjì wà níbẹ̀.

"Ẹ kú oríire, sà," ni Àǹtí Kíákíá wí.

"Hùn-ún."

Ohun tó ń jẹ bàbá lọ́kàn délé ni pé ọmọ yẹn mọ̀ nípa iná. Ta ló kọ́ ọ? Òun ò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kejì, ó tètè dé kó lè tan ẹ̀rọ rẹ̀. Àǹtí Kíákíá ti wà nídìí tirẹ̀, ó ń nu gíláàsì. Bàbá Sikánà fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́. Ó ti gbóná.

Ó pa á, ó sì tún un tàn fúnra rẹ̀.