Akọni Tí Kì Í Ké Àgò

Ẹ̀rù ló bà mí tí mo fi lọ gbé ìyá mi wá láti Oǹdó sí Àkúrẹ́. Dókítà ti sọ ọ́ fún mi lójúkojú pé àìsàn ìtọ̀ ṣúgà tó ń bá a jà kò gba ebi. Ó gbọ́dọ̀ jẹun ọ̀sán kó tó lo oògùn rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè ṣubú lọ́jọ́ kan kó má dìde mọ́. Mo ní kò burú, ọ̀dọ̀ mi ni yóò máa gbé.

Àwọn ọdún yẹn le. Gàrí tí à ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí à ń fi ife kékeré wọ̀n. Nítorí pé owó iṣu dín díẹ̀ lọ́jà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ibẹ̀ ni ìyàwó mi ń wọkọ̀ lọ rà á. Síbẹ̀, a kì í fi oúnjẹ ìyá mi ṣeré. Láràárọ̀ ni ìyàwó mi ń se é, á bo ìkòkò sórí sítóòfù, òun á gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ lọ, èmi á gba ilé ẹ̀kọ́ lọ. Ó di aago mẹ́rin ká tó padà. Ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń jẹ títí alẹ́, ta ni yóò mọ̀ bóyá ẹnì kan bù níbẹ̀ lọ́sàn-án tàbí kò bù?

Oṣù kan kò tíì pé tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Eegun ọrùn rẹ̀ yọ síta. Mo bi í pé ṣé ó ń jẹun dáadáa, ó ní, òun dúpẹ́. Èmi náà, bí mo ṣe gọ̀ tó, mo gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ló sọ. Mo tún lọ bá dókítà jà pé oògùn rẹ̀ kò dára.

Ohun kan ṣoṣo tó ń mú wa rẹ́rìn-ín nílé nígbà náà ni ẹ̀rọ géèmù tí àbúrò mi fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sókè òkun. Géèmù kan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ará Japan ló ṣe é, wọ́n sì ti túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Akọni kan tó dé fìlà tó bò ó lójú ló ń rìn láti ìlú dé ìlú, tó ń bá àlùbọ́sà ẹlẹ́sẹ̀ méjì àti ọ̀pọ̀lọ́ tó wọ ṣòkòtò jà. Bó bá na ọ̀pọ̀lọ́ tán, ọ̀pọ̀lọ́ á tọrọ àforíjì, á fún un ní bísíkíìtì. Ìyàwó mi ní orin rẹ̀ ló dùn, pé ó ń jẹ́ kí òun gbàgbé ọjà. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan, tó máa ń yà wá wò ní Sátidé, ní eré àwọn ọmọ ọwọ́ ni, níbo ni wọ́n ti ń jagun tẹ́nì kan kì í bínú? Èmi ní kò sí géèmù tó dà bí rẹ̀, ẹni tí kò bá gbà kó lọ forí sọgi.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, kò pẹ́ tí a ti ọjà dé, iná wà, ìyá mi ní ká gbé páàdì tí a fi ń darí akọni náà fún òun. Ẹnu yà mí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ṣáà ni; ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì ń ka ọ̀rọ̀ gbogbo ará abúlé inú géèmù náà, ó ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé kan, ó dúró. Ó ní bọ́tìnnì wo ni wọ́n fi ń ké àgò?

Ẹlẹgbẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi fẹ́ já bọ́ lórí àga. Mo ní Màmá, kò sí àgò, ẹ kàn wọlé. Ó wọlé tìkọ̀-tìkọ̀. Mo ní kó ṣí ìkòkò tó wà ní kọ̀rọ̀, oògùn wà níbẹ̀, agbára akọni ti fẹ́ tán. Ó ní onílé dà? Mo ní onílé kò sí nílé. Ó gbé páàdì lé itan, ó ní ṣé olè ni mo fẹ́ kí òun jà. Ẹlẹgbẹ́ mi ṣàlàyé pé torí káwọn èèyàn lè mú un ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀, pé ẹ̀fẹ̀ géèmù náà nìyẹn. Inú ti ń bí mi. Mo ní bí kò bá ṣí i, akọni máa kú.

Kò ṣí i. Ó jáde, àlùbọ́sà àkọ́kọ́ tó pàdé gbá akọni ṣubú.

“Kó kú,” ni ìyá mi wí. “Bí onílé ò bá ní kí n ṣí ìkòkò òun, mi ò ní ṣí i. Ṣé mo ń ṣí tiyín ni?”

Mo bi í pé ìkòkò wo.

“Ìkòkò ìyàwó rẹ. Ẹ ò ní kí n má ṣí i. Ẹ ò ṣáà ní kí n ṣí i.”

Mo bi í pé kí ló wá ń jẹ lọ́sàn-án látọjọ́ yìí. Ó ní omi ni òun ń mu, òun á sì dùbúlẹ̀ títí a ó fi dé. Oògùn ńkọ́? Ó ní ṣebí dókítà ní kí òun má lò ó bí inú bá ṣófo, torí náà òun ń fi í sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bíi pé mo wà ní kíláàsì rẹ̀, pé níbi tí wọ́n ti tọ́ òun l'Óǹdó, ìyá ọkọ kì í ki ọwọ́ bọ ìkòkò ìyàwó ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé ìyàwó bù ú fún un. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni mí, mi ò mọ̀. Mo fi ìyá mi sílẹ̀ pẹ̀lú ebi nínú ilé mi fún odindi oṣù kan.

Ìyàwó mi ti wà nílé ìdáná. Ó gbé àsáró wá, ó kúnlẹ̀ gbé e síwájú ìyá mi. Ìyá mi jẹ ṣíbí mẹ́ta, ó dúró, ó wo ọ̀nà ilé ìdáná. Ó bi mí pé ṣé ó máa kù fún ẹ̀yin báyìí?

Mo ní ó máa kù. Ìyàwó mi mọ̀ pé irọ́ ni mo pa, ó sì dìde, ó lọ bu èyí tó ṣẹ́ kù wá kún un.