Àtàndá, Alálàáfíà Òkè Òkun

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó lè parí ìjà ìlú méjì tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, Àtàndá Lágúnjú ti Ìrémọ ni kí ẹ pè. Bó bá jẹ́ ìjà agbo ilé tirẹ̀ ni, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ dí.

Iṣẹ́ Àtàndá ni kó máa mú àwọn òyìnbó tó yọ̀ǹda ara wọn fún àlàáfíà àti ìdàgbàsókè káàkiri Ilé-Ifẹ̀. Àwọn wọ̀nyí a fo òkun mẹ́ta, wọn a kun ògiri ilé ìwé kan ní búlúù, wọn a gbá ọmọ ọlọ́mọ mọ́ra, wọn a ya fọ́tò, wọn a lọ. Àwọn mìíràn a dé, wọn a fi pupa kun ògiri kan náà. Ọ̀dà ti nípọn lára ògiri ọ̀hún débi pé ẹ̀gbẹ́ làwọn ọmọ fi ń wọ kíláàsì. Òrùlé tó ń jò, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Òrùlé kì í hàn nínú fọ́tò.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin Norway kan ló dé, àdúgbò sì sọ ọ́ ní Fisáyọ̀mi lọ́jọ́ tó dé. Òun ló máa yan ẹnì kan ní Ifẹ̀ tí àjọ wọn máa gbé lọ sí Nepal, kí òun náà lọ yọ̀ǹda ara rẹ̀ níbẹ̀. Àtàndá fẹ́ Nepal bí ẹja ṣe ń fẹ́ omi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tó máa lọ gbọ́dọ̀ ti parí ìjà kan níbi tó ń gbé.

Ìjà ò jìnnà. Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá wọn, Àtàndá fúnra rẹ̀ ló mọ ògiri búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀nà Ọdẹ́wálé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú fèrèsé ni ẹ̀gbọ́n ń gbà wọlé látìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ máa ń délé ṣáájú rẹ̀ ni.

Àtàndá pe ẹbí jọ sí àgbàlá lọ́jọ́ Sunday. Fisáyọ̀mi gbé kámẹ́rà dání.

Ọdẹ́wálé ní, "Mi ò bínú mọ́. Kó dọ̀bálẹ̀, kó ní òun jẹ̀bi, kó wó ògiri. Ó parí."

Ìyá Ìbídàpọ̀, àgbà ẹbí, ní, "Àtàndá, o gbọ́. Ilẹ̀ rèé."

Àtàndá wo ilẹ̀, ó wo kámẹ́rà. Wọ́n ti kọ́ ọ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ pé nínú àlàáfíà, ẹnì kan ò ga ju ẹnì kan lọ. Ẹni tó bá da àyà délẹ̀ bí aláǹgbá, ta ni yóò gbé fọ́tò rẹ̀ dé Norway? Ló bá dúró gbọnin, ó yín eyín, ó sì na ọwọ́ sí ọkùnrin tó fẹ̀yìn pọ̀n ọ́n ní kékeré.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká bọ ara wa lọ́wọ́."



"Ta ló ń nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yẹn?" Ìyá Ìbídàpọ̀ bèèrè.

"Èmi ni, ìyá. A ti di ẹgbẹ́."

"Ọdẹ́wálé, jẹ́ kó bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́ lónìí. Bó bá dọ̀la, á máa pè ẹ́ ní Wálé."

Ọdẹ́wálé gbé àtẹ́lẹwọ́ sókè. Fisáyọ̀mi rò pé ó fẹ́ gba ọwọ́ àbúrò rẹ̀ ni, ó tẹ kámẹ́rà. Kí ìgbátí náà tó balẹ̀ létí Àtàndá, Fisáyọ̀mi ti dorí kọ fọ́tò, ó ń nu omijé ayọ̀. Nínú fọ́tò, ọwọ́ méjì ń sún mọ́ ara wọn, ó dùn ún wò. Bí wọ́n ṣe fún Àtàndá ní Nepal nìyẹn.

Lọ́jọ́ tó máa lọ, ó wá sídìí fèrèsé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nílé wọn, ẹnikẹ́ni kì í rìnrìn àjò láìgba àdúrà àgbà, alálàáfíà wa sì ń bẹ̀rù bàálù bí ẹni ń bẹ̀rù ejò. Kò sí kámẹ́rà níbẹ̀, ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ ṣàdúrà fún mi, ẹ̀gbọ́n."

"Wó ògiri yẹn, mà á ṣe é."

"Mọ́tò ti ń dúró dè mí. Ó dìgbà tí mo bá dé."

"Àdúrà náà, ó dìgbà tó o bá dé."

Ọdẹ́wálé pa fèrèsé dé. Àtàndá dìde, ó gbọn eruku àyà, ó sì gbé àlàáfíà lọ fún àwọn ará Nepal láìládùúrà.