‘Rárá’ Tí Màmá Ṣadé Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débi iṣẹ́, orí òṣùwọ̀n ni ọ̀gá mi ti kí mi káàbọ̀. Ó ní kí n bọ́ bàtà, kí n gun un. Mo ní, “Màdáámù, iṣẹ́ ni mo wá ṣe, n kò wá ta ara mi ní kílò.” Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹlòmíì bí ara rẹ̀ yóò ṣe jò wálẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí òun náà wọ̀n. Mo gun un. Kílò mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún. Màdáámù Rónkẹ́, tí mo fi ọdún mẹ́fà dàgbà jù, wo nọ́ńbà náà, ó wo ikùn mi, ó mí kanlẹ̀.

Ó ní, “Bọ̀dá Káyọ̀dé, orí àti èjìká nìkan ni àwọn oníbàárà ń rí nínú fóònù. Ẹ ṣáà máa jókòó dáadáa.”

Bí mo ṣe di Kóòṣì nìyẹn. Yàrá méjì péré ni ọ́fíìsì wa, nínú ẹ̀sítéètì kan ní Lokogoma, ṣùgbọ́n oníbàárà wa wà káàkiri Àbújá títí dé Kwali, àwọn mìíràn sì wà ní Ìbàdàn àti Adó-Èkìtì. Orí fóònù ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ètò náà. Ẹni tó bá wọlé á kọ fọ́ọ̀mù, á wọn ara rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n láràárọ̀ Mọ́ńdè, á máa ya àwòrán abọ́ oúnjẹ rẹ̀ ránṣẹ́ sínú gúrúùpù. Láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ títí di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi nìkan ló gbọ́dọ̀ gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá. Aago méjìlá yẹn la ń pè ní ìṣínu. Kírísítẹ́nì pè é bẹ́ẹ̀, Mùsùlùmí pè é bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bá ẹnìkan jà.

Kí n tó débẹ̀, ilé ìwòsàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo máa ń sọ fún aláìsàn pé èyí ni kí o jẹ, ìwọ̀n báyìí ni kí o sì jẹ ẹ́. Nílé ìwòsàn, aláìsàn kì í dá wá bá ọ. Fáìlì rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, gbogbo ohun tí kò fẹ́ kí o mọ̀ sì wà níbẹ̀. Lórí fóònù, kò sí fáìlì. Ohun tí ẹni náà bá sọ nípa ara rẹ̀ ni o mọ̀. Ó yẹ kí n ti ro èyí dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ mo ń ro bí n óò ṣe jókòó dáadáa.

Mo gbádùn iṣẹ́ náà, n kò ní purọ́. Bí o bá fẹ́ mọ ọmọ aráyé, ní kí wọ́n máa fi àwòrán oúnjẹ wọn ránṣẹ́ sí ọ. Mo rí iyán tí wọ́n fi ẹ̀fọ́ bò mọ́lẹ̀ bí ẹní sá pamọ́ fún ọlọ́pàá. Mo rí abọ́ sàláàdì tí ègé ẹran méjì yọ ojú lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní Jabi tó ń fi ẹ̀wà àti ẹja ránṣẹ́ lójoojúmọ́, tí gbogbo gúrúùpù ń yìn ín. Ní ọjọ́ kẹta mo ṣàkíyèsí pé eṣinṣin kan náà ló bà lé etí abọ́ náà, ní ibì kan náà, láti ọjọ́ kìíní. Mo kọ̀wé sí i níkọ̀kọ̀ pé, “Ọ̀gá, eṣinṣin yìí náà ti ń sanra o.” Lọ́jọ́ kejì ó fi fùfú tó tó orí ọmọ tuntun ránṣẹ́, òótọ́ pọ́ńbélé.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu jù ni bí àwọn tí dókítà ti ń bẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá ṣe ń gbọ́ràn sí fóònù lẹ́nu láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Mo bi ọkùnrin Jabi yìí léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Kóòṣì, dókítà kan ṣoṣo ló ń bá mi wí, yàrá rẹ̀ sì ní ilẹ̀kùn. Nínú gúrúùpù, èèyàn ogójì ló ń wo abọ́ mi.” Mo rò ó títí. Ìtìjú ni oògùn tí a ń tà.

Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹni tó gbọ́ràn tó Màmá Ṣadé. Ọmọ Òkun ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogi ni, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ó sì ku ọdún mélòó kan kí ó fẹ̀yìntì. Àjà kẹta ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn ròkè ti bàjẹ́ tipẹ́, orúnkún rẹ̀ sì ti ń bá a ṣọ̀tá. Ìdí tó fi wá nìyẹn: kò fẹ́ kí wọ́n fi orúnkún lé òun kúrò níṣẹ́ ṣáájú ọjọ́ òun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, kílò márùn-ún ti lọ. Màdáámù ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún gbogbo gúrúùpù. Bí ẹnìkan bá ráhùn pé ebi ń pa òun, Màmá Ṣadé á dá a lóhùn pé, “Ebi kì í pa àgbà kó tó aago méjìlá.”

Nínú fọ́ọ̀mù wa, ìbéèrè keje ni: “Ṣé ẹ ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru?” Màmá Ṣadé kọ síbẹ̀ pé, “Rárá, ní orúkọ Jésù.” Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ṣí i kọjá. Ọ̀pọ̀ ló máa ń kọ bẹ́ẹ̀.

Wẹ́sìdeè kan ni, nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ẹnu ìsinmi ọlọ́dọọdún ni Màmá Ṣadé wà. Ohùn rẹ̀ ṣàdédé wọ inú gúrúùpù, ó ń kùn, ó ń bá ẹnìkan tí a kò mọ̀ jà nípa àga. Àwọn ará gúrúùpù fi àmì ẹ̀rín dá a lóhùn. Èmi pè é.

“Màmá Ṣadé, ẹ kú àárọ̀ mà. Ṣé dáadáa lẹ wà?”

“Ta nìyẹn?”

“Kóòṣì ni, mà.”

“Sọ fún wọn kí wọ́n gbé àga yẹn kúrò. Ó ń tutù.”

“Àga wo, mà?”

Ó rẹ́rìn-ín gígùn kan tí kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí nílé ìwòsàn: bí ṣúgà bá tán nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ségesège bí ti ọ̀mùtí. Àmọ́ ẹni tó kàn ń gba ààwẹ̀ kì í ṣáà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ ni mo mọ̀ mọ́ ọn. Mo ṣí fọ́ọ̀mù rẹ̀, mo tún ìdáhùn keje kà. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀sítéètì kejì sí tiwa ló ń gbé. Màdáámù Rónkẹ́ ló wa ọkọ̀. Lẹ́nu géètì, mẹ́gàdí fi èdè Hausa kí wa pé “Sànnu,” ó sì ń béèrè ẹni tó ránṣẹ́ pè wá. Màdáámù ní, “Yauwa, ìyá wa ń kú lọ nínú ilé,” géètì sì ṣí.

Ṣadé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ọmọbìnrin tó ti tó ọgbọ̀n ọdún, tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ láti yàrá òkè. Ó ní, “Mo rò pé Mọ́mì ń pray ni.” Ìyá náà jókòó sórí àga, òógùn ti fi aṣọ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo ní kí Ṣadé bu ṣúgà sínú omi wá.

Ṣadé wò mí. “Kò sí ṣúgà. Mọ́mì ti kó gbogbo ẹ̀ dànù because of ètò yín.”

“Oyin ńkọ́?”

“Oyin náà.”

Màdáámù Rónkẹ́ sáré jáde. Ó padà wọlé pẹ̀lú ìgò mínírà kan tó mú nínú ọkọ̀ rẹ̀, tó ti mu ìdajì rẹ̀. Èmi àti ọ̀gá mi kò wo ojú ara wa.

Mo gbé ìgò náà sí Màmá Ṣadé lẹ́nu. Ó pa ètè dé.

“Aago mélòó ló lù?”

“Ó ti kọjá mọ́kànlá àbọ̀, mà.”

“Kò tíì tó ìṣínu.”

“Màmá, èmi tí mo ní kí ẹ má jẹ ni mo ní kí ẹ mu.”

Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró síbi ikùn mi. “Ìwọ kọ́. Kóòṣì tèmi kò ní ikùn.”

Ṣadé bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Màdáámù bẹ̀ ẹ́, ó ní kí wọ́n lé ìyá oníwàásù yìí jáde. A kò lè fipá da nǹkan sí i lọ́nà ọ̀fun kó má baà gbà á lọ́nà èémí. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n sí i, ojú rẹ̀ sì ti ń wúwo. Bí ó bá sùn lọ báyìí, omi dídùn kò ní wúlò mọ́. Fóònù rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀. Mo gbé ìgò náà lé Ṣadé lọ́wọ́, mo sá jáde sí ìloro, mo gbé kámẹ́rà fóònù mi sókè, mo pè é. Ojú mi yọ síbẹ̀, orí àti èjìká.

Mo ní, “Màmá Ṣadé, ẹ kú ìrọ́jú. Ìṣínu yá o.”

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú pálọ̀, ó fà bí ohùn ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun. “Ìṣínu ti yá?”

“Ó ti yá. Mínírà ni ti òní. Ẹ mu ún tán.”

Ó mu ún tán. Mo dúró ní ìloro yẹn, mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ nínú fóònù bó ṣe ń gbé e mì, n kò sì rántí pé mo lè wọlé. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó wò yíká pálọ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. Ó ní, “Ta ló gbé bàtà wọ orí kápẹ́ẹ̀tì mi?” Bí mo ṣe mọ̀ pé ó ti padà dé nìyẹn.

Ṣadé wá inú kíṣínì, ó rí láílọ́ọ̀nù oògùn lẹ́yìn fúláàsì. Oògùn àtọ̀gbẹ ni, irú èyí tó ń fa ṣúgà wálẹ̀ bóyá o jẹun tàbí o kò jẹun, wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé kí a lò ó pẹ̀lú oúnjẹ àárọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló ti ń fi omi lásán gbé e mì ní aago méje. A gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì, nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í tètè kúrò lára.

Mo lọ kí i níbẹ̀. “Òkun o,” ni mo fi kí i, bí wọ́n ṣe ń kíra nílé wọn, kí inú rẹ̀ lè dùn. Ó dùn. Mo ní, “Màmá, ẹ kọ ‘Rárá’ sí ìbéèrè keje.”

“Òótọ́ ni mo kọ. Dókítà ló sọ pé mo ní i. Èmi kò gbà á.”

“Oògùn tí ẹ ń lò ńkọ́?”

“Ṣebí nítorí kí ó má baà jẹ́ tèmi ni mo ṣe ń lò ó.” Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tí kò tètè lóye. “Bí mo bá fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé mo ní i, kí ló kù? Ṣé kí n tún gé ilẹ̀ fún un kó fi kọ́lé ni?”

Mo fẹ́ bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi pàápàá kì í pe ẹ̀jẹ̀ ríru lórúkọ. “Nǹkan yẹn” ló ń pè é, ó sì ń gba oògùn rẹ̀ láìtàsé. Àwọn èèyàn mi ni. Mo mọ̀ wọ́n. Màmá Ṣadé kò parọ́ fún wa. Àwa la bi í léèrè ohun tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, a sì gba ìdáhùn rẹ̀ bí èsì àyẹ̀wò. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dárí jì mí. Ó ní kí n kọ́kọ́ lọ wá nǹkan ṣe sí ikùn mi.

Mo sọ fún Màdáámù pé a gbọ́dọ̀ yí fọ́ọ̀mù padà. Ó ní bí ìbéèrè bá pọ̀ jù, oníbàárà á sá lọ síbi tí wọn kò ti ní béèrè. Mo ní kí ó jẹ́ kí wọ́n sá lọ, torí èmi kò ní dúró ní ìloro ẹlòmíì mọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó ní kí n kọ ọ́. Ohun tí mo kọ sí ìbéèrè keje ni: “Kí ni dókítà sọ pé ó ń ṣe yín, tí ẹ̀yin kò gbà?” Mo sì fi kún un pé kí oníbàárà da láílọ́ọ̀nù oògùn rẹ̀ sílẹ̀ níwájú kámẹ́rà kí ètò kankan tó bẹ̀rẹ̀.

A fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ti wà nínú gúrúùpù náà, ìdáhùn sì ń wọlé bí òjò. Ọkùnrin Jabi, tí ó ti kọ “Kò sí” tẹ́lẹ̀, ka àìsàn mẹ́ta, ó sì fi kún un pé òun kò gba ọ̀kankan nínú wọn. Ọjọ́ yẹn gan-an la dá ààwẹ̀ rẹ̀ dúró.

Àwọn èèyàn ṣì máa ń bi mí pé nínú gbogbo ètò tó kún orí fóònù, èwo ni kí àwọn mú. N kì í dárúkọ tiwa. Mo máa ń ní kí wọ́n wò ó bóyá ètò náà béèrè oògùn tí wọ́n ń lò kó tó béèrè owó, bóyá èèyàn wà níbẹ̀ tí yóò gbé fóònù bí ara kò bá dá, kí wọ́n sì sá fún ẹni tó bá ṣèlérí kílò mẹ́wàá lọ́sẹ̀ méjì. Kí wọ́n sì fi han dókítà wọn, ìbáà jẹ́ èyí tí wọn kò gbà.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, Màmá Ṣadé padà wá. N kò retí rẹ̀. Ó ní orúnkún òun kò tíì gbà kí òun sinmi. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ààwẹ̀ fún un: oúnjẹ àárọ̀ ní aago méje, iyán ìdajì, ìrìn ẹsẹ̀ yí ẹ̀sítéètì ká ní ìrọ̀lẹ́. Fọ́ọ̀mù tuntun rẹ̀ dé sórí fóònù mi nígbà tí mo jókòó sí ọ́fíìsì, mo sì lọ tààrà sí ìbéèrè keje.

Ó kọ ọ́ pé: “Wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Mi ò gbà á. Ọ̀kan láàárọ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, ọ̀kan lálẹ́. Nọ́ńbà dókítà nìyí, ẹ pè é, òun ló mọ̀ nípa rẹ̀.”

Mo pè é.